Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Gọ́ọ̀mù Fi Ń Gbẹ

Bí ẹ bá rí Káfíńtà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹ máa ní ara ọkùnrin yìí le koko. Kí oòrùn tó yọ, ó ti sáré yí pápá ilé-ìwé ká lẹ́ẹ̀mẹrin, bó ṣe ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Òógùn bò ó, ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó fi èjìká ti ògiri, ó tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó sì ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́ ọjọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ẹtu, ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ilé ìfọṣọ ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí àbàwọ́n tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

"Bàbá Ẹtu, òógùn ara yín ò tíì gbẹ o."

"Ìdí tí mo fi ń mu ún nìyẹn," ni Káfíńtà dá a lóhùn. "Mo ti fọ inú mọ́. Eré ni sáńpépà ẹ̀dọ̀fóró. Àbàwọ́n yòówù kó wà lára pákó, tí mo bá ti fi sáńpépà fá a, á dán."

"Èmi tí mo ń fọṣọ jẹun, n ò tíì rí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń tì bọ ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, tó wá mọ́."

"Aṣọ kì í sáré, ìyàwó mi."

Ọmọ wọn obìnrin, tó jókòó nídìí tábìlì tó ń mu tíì, bú sẹ́rìn-ín. Ẹtu ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tó ti ń sáré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, òun ló sì yára jù nínú àwọn tó ń sá ẹgbẹ̀rin mítà ní ilé-ìwé wọn. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ yan ẹni mẹ́rin tí yóò sáré fún gbogbo agbègbè náà, kò sì sí ohun tí ọmọ yìí ń lálàá rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní eré. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń yí pápá ká, láti kékeré náà ló sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sáńpépà yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sílé. Àwọn méjì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Òṣùwọ̀n, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń wọn pákó kó tó fi ayùn kàn án. Wọn kì í mu sìgá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú wọn là dé ibẹ̀ yẹn. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà nílẹ̀, ó wà lórí tábìlì, ó wà nínú irun imú wọn pàápàá, ìṣáná kan péré ló sì máa sọ gbogbo rẹ̀ di eérú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń mu ún, nídìí ògiri kan. Ìgbà tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé àga, tí wọ́n fi irin fún un mọ́ra pinpin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ dilẹ̀. Kí ni ọwọ́ tó dilẹ̀ á máa ṣe? Sìgá kan nìyẹn. Tí àga bá di mẹ́fà, sìgá náà di mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó yá, òórùn gọ́ọ̀mù nìkan ti tó láti mú kí ẹnu Káfíńtà máa yán hànhàn. Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé yẹn kún fún àpá dúdú níbi tí wọ́n ti ń tẹ iná sìgá pa láti ọdún wọ̀nyí wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ fún oníbàárà tó ń gbé ní àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Òṣùwọ̀n wà lókè, Káfíńtà wà nísàlẹ̀ níbi tó wúwo jù, bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gun àjà kìíní, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù náà ò wúwo tó orí Òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdajì àjà kejì, yẹ̀yẹ́ ti tán.

"Gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀," ni Òṣùwọ̀n wí.

Kò gbọ́ èsì. Ohun tó gbọ́ ni èémí kan tó ń dún fíìn-fíìn bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

"Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Sọ̀... sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Káfíńtà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó ń ya ẹnu, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Òṣùwọ̀n tó máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kò wọn èyí rárá. Ó fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ké sí àwọn ará ilé kí wọ́n bá òun pe ọkọ̀ aláìsàn, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú títí ọkọ̀ fi dé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, dókítà ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ẹ, ó wúkọ́, ó tún un fẹ́. Dókítà wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó fa àga súnmọ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni yín. Ẹ̀dọ̀fóró tí mo rí níbí yìí, ti ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ọkàn yín kò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ó ti kìlọ̀. Ṣé ẹ ń mu sìgá?"

"Mo ń mu ún. Àmọ́ mo ń sáré, dókítà. Mo sáré láàárọ̀ yìí!"

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ yí pápá ká?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ṣé ẹ sáré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni?"

Káfíńtà fi ìka kà á. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń rìn nínú ìdajì ẹ̀ẹ̀kẹta àti gbogbo ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ìsinmi ló ń pè é. Kò tíì bi ara rẹ̀ rí pé kí ló ń sinmi fún.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ẹtu wọlé. Ó ti ilé ìfọṣọ wá tààrà, apá ẹ̀wù rẹ̀ ṣì tutù, ara rẹ̀ sì ń ta òórùn ọṣẹ. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó ń bú u, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó sunkún tán, ó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fa páálí sìgá kan yọ.

"N ò fẹ́ bá aláìsàn jà. Àmọ́ èyí tẹ ẹ ṣe yìí ò dáa. Aṣọ eré Ẹtu ni mo fẹ́ fọ̀ láàárọ̀ yìí tí mo rí èyí nísàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Ibi tẹ́ẹ ó wá máa tọ́jú sìgá yín sí nìyẹn? Sínú báàgì ọmọ?"

Káfíńtà gba páálí náà. Funfun ni. Láti ìgbà tó ti ń mu sìgá, páálí pupa ló ń rà.

"Kì í ṣe tèmi," ló wí.

Ẹ̀rù tó bà á lórí àtẹ̀gùn, nígbà tó rò pé òun ń kú lọ, kò tó ìdajì èyí tó bà á lórí ibùsùn yẹn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ẹtu dé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó ní, "Bàbá mi, ẹ pẹ̀lẹ́," kí ó tó rí páálí funfun tó wà lórí aṣọ ìbora.

"Láti ìgbà wo?" ni bàbá rẹ̀ bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Àwa mélòó kan la jọ ń mu ún lẹ́yìn eré." Omijé ti gba ojú ọmọ náà. "Mo rò pé kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ pé eré ń fọ̀ ọ́. Mo sì máa ń rí i dájú pé mo kọ́kọ́ sáré."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ọmọ yìí kò ṣe oríkunkun, kò tàpá sófin ilé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló tẹ̀ lé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun sì wọ èyí tí bàbá rẹ̀ rán fún un.

"Eré rẹ ti ń falẹ̀ díẹ̀ láìpẹ́ yìí," ni Káfíńtà rántí. "O ní bàtà ni."

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni mo fi lọ sẹ́yìn. Kì í ṣe bàtà."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló wà nínú yàrá náà tó ń palẹ̀ abẹ́rẹ́ mọ́. Obìnrin kúkurú, tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ta ló sọ pé eré ń fọ ẹ̀dọ̀fóró?"

"Èmi ni, mà," ni Káfíńtà wí. "Bí sáńpépà. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń sáré rèé."

"Káfíńtà ni yín, àbí? Pákó tí ẹ bá ń fi sáńpépà fá lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá, kí ló máa kù níbẹ̀?"

Ìyá Ẹtu rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbọ́," ni nọ́ọ̀sì ń bá a lọ, ó sì jókòó. "Eré tí ẹ ń sá dára púpọ̀. Bóyá òun ló jẹ́ kí ọkàn yín ṣì máa gbìyànjú. Àmọ́ eré kì í fọ èéfín. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín sìgá tó máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ń ké pé òun fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò rí i gbé lọ, ọkàn á wá máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí tó fi ń rẹ ọmọ yìí nìyẹn kó tó dé òpin. Ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbálẹ̀, ẹ sì ń fi tòsì da pàǹtírí sílẹ̀."

"Ṣé kí n pa eré tì ni?" ni Ẹtu béèrè.

"Rárá o! Eré gan-an ló máa bá yín lé sìgá lọ. Ẹ̀yin lẹ lò ó sódì. Ẹ ti fi ṣe àwáwí fún sìgá, ní báyìí, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Wò ó, tí ìyánhànhàn sìgá bá dé, ó máa ń rú sókè, kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá dìde nígbà náà tó rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á rí i pé òun kò yán hànhàn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ara á fúyẹ́, inú tó ń bí i láìnídìí á rọ̀. Ìyẹn kò ní kó má padà wá. Tó bá padà wá, ẹ tún dìde. Bàbá, ìgbà wo lẹ máa ń yán hànhàn sí i jù?"

"Ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń gbẹ?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Káfíńtà wí, ó sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní eré nìkan lè má tó fún ẹni tí sìgá ti di bárakú sí lára fún ọgbọ̀n ọdún, pé dókítà máa fún un ní pílásítà tí yóò máa lẹ̀ mọ́ apá láti fi dín ìyánhànhàn kù, pé kí bàbá àti ọmọ máa wá rí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní kó má tíì sáré rárá, ìrìn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí dókítà bá ti gbà.

Lẹ́yìn tí obìnrin náà jáde, Káfíńtà ṣe ohun tí kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ bàbá. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Irọ́ ni mo pa fún ọ," ló wí. "Mo kọ́kọ́ pa á fún ara mi, mo wá fi tọ́ ọ. Dárí jì mí."

Ẹtu mi orí pé òun ti dárí jì í.

Ní Sátidé tí wọ́n ń wí yẹn, Káfíńtà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí àwọn méjèèjì ti jáwọ́ nìyẹn. Ẹtu ló ṣáájú títí wọ́n fi ku igba mítà. Níbẹ̀, èjìká rẹ̀ gbé sókè, ẹnu rẹ̀ là, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níkọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ dìde láti ké sí i pé kó tẹra mọ́ ọn, ikọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ipò karùn-ún ló ṣe. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n mú, ohun tó wà láàárín òun àti ẹni kẹrin kò sì ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ ni. Kò sí òmíràn. Ó wá jókòó sáàárín àwọn òbí rẹ̀, ó tú okùn bàtà, kò dá bàtà lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Káfíńtà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù sí ẹsẹ̀ tábìlì kan, ó fi irin fún un mọ́ra, òórùn gọ́ọ̀mù gba imú rẹ̀, ó sì rántí ojú ọmọ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn eré yẹn. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé e dé ìdí ògiri. Ó tọrọ sìgá lọ́wọ́ Òṣùwọ̀n, ó mu ún dé ìdajì, ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, ojú ń tì í gan-an.

Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Ẹtu.

Ẹtu wo ilẹ̀. "Èmi náà mu ọ̀kan lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró lójijì. Ìyá Ẹtu tó ń ká aṣọ ní, "Ṣé ẹ rí i, àbàwọ́n tó pẹ́ lára aṣọ, wọn kì í fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un rẹ." Nígbà tí wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, òun náà kò bú wọn. Ó ní ẹni tó bá ṣubú lórí eré kì í padà lọ sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó ṣubú sí ló ti ń dìde.

Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti fún irin mọ́ra tán ní ṣọ́ọ̀bù, Káfíńtà á gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ẹ̀yìnkùlé, ó ti dágbére fún un. Á rìn kánmọ́kánmọ́ dé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà ní òpin òpópónà, á fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, á sì padà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ korò. Inú ń bí i sí ìṣó, inú ń bí i sí òòlù, ó bú Òṣùwọ̀n nítorí pé ó ń wọn pákó. Òṣùwọ̀n fara dà á. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìṣáná rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Dúró dè mí, mo ń bọ̀. Ìwọ nìkan kọ́ lo ní ẹsẹ̀." Báyìí ni wọ́n ṣe di méjì lójú ọ̀nà, lẹ́búlẹ́bú pákó lórí, tí àwọn èèyàn ń bi wọ́n pé ta ló ń lé wọn.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Káfíńtà kò tíì fẹnu kan sìgá láti ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Àmọ́ n ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ti padà bọ̀ sípò. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í hù padà, pé àjẹkù ló ń tọ́jú. Kò lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè mọ́, àwọn alágbàṣe ló ń bá a gbé e. Ẹtu ti jáde ilé-ìwé, ó ti jáwọ́, ó sì ti gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin rẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀kan lé e. Kò sí ẹni tó ń yan nǹkan kan mọ́, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bó bá sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin, bàbá rẹ̀ á rìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì jọ jókòó.

Òṣùwọ̀n fẹ́ fi ọ̀dà kun ògiri ẹ̀yìnkùlé. Káfíńtà ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní bí òun bá ti rí àpá dúdú wọ̀nyẹn, òun ń rí inú ara òun, kò sì sí sáńpépà tó lè fá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi eré tan ara yín jẹ. Bí ẹ bá ń sáré tí ẹ sì ń mu sìgá, sìgá kò gbọ́ pé ẹ sáré. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ṣe eré ìdárayá, ẹ kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ ìlera, kí ẹ sì fi ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ìjà náà jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín nílé, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń ṣàwàdà, torí àwàdà tiyín lè di òfin fún ọmọ tó jókòó nídìí tábìlì.

Kálukú wa ló mọ ìgbà tí gọ́ọ̀mù tirẹ̀ ń gbẹ. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè jẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá bú wa tán, tàbí nígbà tí a bá ń dúró de ẹnì kan tí kò tètè dé. Lọ́la, nígbà tí ìṣẹ́jú yẹn bá dé, tí ọwọ́ bá fẹ́ yà sí àpò, ẹ dìde. Ẹ rìn dé òpin òpópónà, ẹ fọwọ́ kan ògiri tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì yí padà. Kí ẹ tó délé, gọ́ọ̀mù á ti gbẹ.